Ṣé O Mọ̀? Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ilé Ayò

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí àwọn ọmọ SS2 ń làágùn lé lórí ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ti wà lábẹ́ igi odán tipẹ́? Wo ọpọ́n ayò. Ilé 12 ló wà lára rẹ̀, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Àwọn ilé náà tò tẹ̀ lé ara wọn, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, ohun kan náà ló sì ń wọ inú wọn. Kò sẹ́ni tó ń da ẹ̀wà sí ilé kan kó tún da ọmọ ayò sí èkejì. Ohun tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní array nìyẹn: ọ̀wọ́ yàrá tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ká ní o fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí máàkì ọmọ 40. Bí o bá fún máàkì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ìsọmọlórúkọ 40 lo fẹ́ ṣe, láìsí oyin, láìsí àádùn. Array ní kí o sọ orúkọ kan péré, ká pè é ní máàkì, kí o wá máa sọ pé máàkì[7], máàkì[23]. Àmì igun méjèèjì yẹn ni ilẹ̀kùn yàrá.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í wá yàrá kiri nínú array? Ó ń ṣírò ibi tó wà ni. Mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà dà bí òpópónà kan tó gùn lọ bẹẹrẹ, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ká sọ pé array wa bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé 1000, tí máàkì kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 4. Níbo ni máàkì[7] wà? 7 lọ́nà 4 jẹ́ 28. Fi 28 kún 1000, ó di 1028. Ó tán. Bí array náà ní yàrá 12, bí ó ní mílíọ̀nù 12, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ṣe kò lé, kò dín. Ìdí nìyẹn tí gbogbo yàrá fi gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ìṣirò dàrú, ó sì di dandan kí kọ̀ǹpútà máa kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó sọ àdírẹ́sì nù.

Ọmọ tó ti fọwọ́ kan Python lè bi mí pé, ṣebí lísìtì Python ń gba orúkọ, nọ́ńbà àti àwòrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ó ń gbà á lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó wà nínú àwọn yàrá náà kì í ṣe àwọn nǹkan yẹn fúnra wọn. Àdírẹ́sì ibi tí wọ́n wà ló wà níbẹ̀, àdírẹ́sì gbogbo sì dọ́gba.

Padà síbi ìṣirò. Yàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, ní ojúlé 1000, ìṣísẹ̀ mélòó lo gbé kí o tó dé ibẹ̀? O kò gbé ìkankan. 0 lọ́nà 4 jẹ́ òdo. Fi kún 1000, 1000 náà ni. Ìdí nìyí tí yàrá àkọ́kọ́ fi jẹ́ máàkì[0], tí ọmọ kẹwàá fi wà ní máàkì[9], tí ogójì ọmọ fi parí sí máàkì[39]. Nọ́ńbà inú àmì igun kì í ṣe orúkọ, kì í sì í ṣe iye. Ìṣísẹ̀ ni: iye ẹsẹ̀ tí o máa gbé láti ẹnu ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nígbà tí mo wà ní girama. Olùkọ́ wa ní bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń kà. A kọ ọ́ sínú nóòtì, a fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, a sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá ń lo ọ̀nà ìkà méjèèjì, láti 1 àti láti 0, láìbi ara wa pé èwo là ń lò? Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la máa sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì ní ó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ka ìgbà tí ilẹ̀ ṣú láàárín, méje ni wàá rí. A ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn ni. Bákan náà ni ọjà ọrún: ara àrún ni orúkọ rẹ̀ ti wá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń ná, nítorí ọjọ́ tí ọjà ná ni ení. Ọjà ìsán ń pe ara rẹ̀ ní mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́jọ ló wà láàárín. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn kan náà tó pé ọdún kan, odidi ọdún kan gbọ́dọ̀ kọjá. Ọjọ́ tí a bí i, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì kúrò ní òdo. Lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere kọ́ parí ní Àgbádárìgì ní 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, àmọ́ ènìyàn lè gbé ní ìpele méjì: ìsàlẹ̀ àti òkè. Àtẹ̀gùn la kà, a kò ka ilẹ̀.

Kò sí èyí tó ṣìnà nínú méjèèjì. Ẹni tó ń ka òpó ọgbà àti ẹni tó ń ka àlàfo àárín òpó kò lè ní iye kan náà. Bí àlàfo bá jẹ́ 10, òpó máa jẹ́ 11. Ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ka òpó tó sì fi iye rẹ̀ ra wáyà àlàfo. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń ṣe lórí array kò ju èyí lọ: ẹyọ kan ló lé, tàbí ẹyọ kan ló dín.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn àgbà iṣẹ́ yìí pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan? Fortran, tí John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé jáde ní 1957, láti 1 ló ń kà. Nígbà tí Dennis Ritchie ṣe C ní Bell Labs ní nǹkan bí 1972, láti 0 ló ń kà, Java, Python àti JavaScript sì tẹ̀ lé e. MATLAB àti R dúró sí 1. Pascal ní kí ẹlẹ́ṣin dárí ẹṣin rẹ̀ síbi tó bá wù ú: ìwọ ni wàá sọ ibi tí nọ́ńbà rẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Lua náà ń ka láti 1. Yunifásítì kan ní Rio de Janeiro, ní Brazil, ni wọ́n ti ṣe é ní 1993, òṣùpá sì ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí lédè Potogí. Bí o bá ti kọ kóòdù fún géèmù Roblox rí, ọmọ ìyá Lua lo fi kọ ọ́, o sì ti ka láti 1 rí láìbèèrè ìdí.

BASIC tiẹ̀ gbọ́njú ju gbogbo wọn lọ, tàbí kí n sọ pé ó dààmú ọmọ ju gbogbo wọn lọ. John Kemeny àti Thomas Kurtz ló gbé e kalẹ̀ ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì náà lè lo kọ̀ǹpútà. Òun náà ló wà nínú nóòtì ọ̀pọ̀ ọmọ girama nílẹ̀ wa. Nínú GW-BASIC àti QBasic, bí o bá kọ DIM A(10), yàrá mélòó lo rò pé wàá gbà? Mọ́kànlá ni, láti A(0) dé A(10). Ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi yàrá òdo sílẹ̀ lófìfo títí wọ́n fi jáde ilé ìwé, wọn kò mọ̀ pé wọ́n ní in.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lórí àríyànjiyàn yìí ni Edsger Dijkstra, ọmọ Netherlands. Ó ní kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kálàmù ló sábà fi ń kọ ìwé rẹ̀, tó sì ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Èyí tó kọ ní 11 oṣù kẹjọ 1982 ni nọ́ńbà 831. Ohun tó bèèrè rọrùn: bí o bá fẹ́ kọ àwọn nọ́ńbà láti 2 dé 12, báwo ni kí o ṣe sọ ọ́? Ó yàn kí a ka ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí a má ka òpin mọ́ ọn: bẹ̀rẹ̀ ní 2, dúró kí o tó kan 13. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí o bá yọ 2 kúrò nínú 13, ó ku 11, iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ọ̀wọ́ kan bá sì parí, ibi tó dúró sí ni èyí tó tẹ̀ lé e ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí o bá gba èyí, array onílé N máa lọ láti 0 títí kó tó kan N. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, o ní láti máa kọ N+1 káàkiri bí ẹni tó ń gbé àpò òfìfo. Èmi gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn onímọ̀ ìṣirò tí wọn kò ní gbà láéláé.

Ṣé o mọ̀ pé nínú C, máàkì[3] àti 3[máàkì] jẹ́ nǹkan kan náà? Àròpọ̀ lásán ni C rí níbẹ̀, ibi ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ìkejì ṣiṣẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ má rí i.

Python tiẹ̀ jẹ́ kí o rìn sẹ́yìn. Máàkì[-1] ni ẹni tó gbẹ̀yìn, máàkì[-2] ni ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Ṣé o mọ iye array tó wà nínú ọ̀pẹ̀lẹ̀? Ọ̀kan ni, onílé mẹ́jọ. Èèpo mẹ́jọ ló wà lára ẹ̀wọ̀n náà, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Ọ̀nà méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 títí yóò fi pé mẹ́jọ, ó jẹ́ 256. Iye Odù Ifá nìyẹn. Wàyí o, ya tábìlì kan tó ní ìlà 16 lọ sísàlẹ̀ àti ìlà 16 lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ Ogbè sí 0, Ọ̀yẹ̀kú sí 1, Ìwòrì sí 2, Òdí sí 3, kí o máa bá a lọ. Yàrá [0][0] ni Ogbè Méjì. Yàrá [1][1] ni Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Yàrá [0][1] ni Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú, [1][0] sì ni Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè, ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti ṣìnà. Àwọn Ojú Odù 16 wà lórí ìlà tó dágun láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, àwọn yàrá 240 tó kù jẹ́ ti ọmọ odù. Array onílà púpọ̀ nìyí, èyí tí ọmọ SS2 máa ń rò pé ọlọ́run àjèjì kan ló dá a.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ fún ọ pé babaláwo ló ṣe kọ̀ǹpútà. Babaláwo kò ṣe kọ̀ǹpútà, kò sì dìgbà tó bá ṣe é kó tó níyì. Ìṣirò kan náà ló wà nínú méjèèjì, ó parí síbẹ̀. UNESCO ti fi Ifá sára àwọn ìṣúra ayé láti 2005.

Iye 256 yẹn ló pa Pac-Man. Ṣé o mọ ìtàn náà? Ilé iṣẹ́ Namco ní Japan ló gbé géèmù yìí jáde ní 1980. Báìtì kan ni wọ́n fi ń tọ́jú nọ́ńbà ìpele tí o dé. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ, bí èèpo ọ̀pẹ̀lẹ̀, nítorí náà 0 dé 255 ló lè gbà. Ìpele kìíní jẹ́ 0, ìpele 256 sì jẹ́ 255. Ní ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, géèmù náà máa ń to àwòrán èso, kó lè fi ìpele hàn. Ó fi 1 kún 255 láti mọ iye èso tó máa yà. Báìtì kún, ó yí padà sí òdo. Bí kóòdù ṣe ń ka èso rẹ̀, òdo yẹn kò túmọ̀ sí pé kó má ya ọ̀kankan. Ó ya 256. Tábìlì èso kò ní tó bẹ́ẹ̀ nínú. Kóòdù ré kọjá ìparí array, ó ń kó ohunkóhun tó bá bá nínú mẹ́mọ́rì lójú ọ̀nà, ó sì ń yà á bí ẹni pé èso ni. Apá ọ̀tún ojú géèmù di lẹ́tà àti àwọ̀ tó dàpọ̀ mọ́ra wọn, kò sì sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun ìpele náà mọ́, torí oúnjẹ Pac-Man kò pé níbẹ̀. Ẹni tó bá ta géèmù dé ibẹ̀ láìkú ti ta á tán, bó fẹ́ bó kọ̀.

Èyí tó lè ná ènìyàn lówó tún wà. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà yẹ kóòdù tí ilé iṣẹ́ kan fi ń po káàdì fún tẹ́tẹ́ pókà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbé e síta, kí oníbàárà lè rí i pé kò sí màgòmágó. Káàdì 52 wà nínú array. Nọ́ńbà tí kóòdù ń mú láti fi pààrọ̀ káàdì lọ láti 1 dé 51, kò dé 52 rí. Nítorí náà, káàdì tó bá wà ní ipò ìkẹyìn kí a tó po káàdì kò lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí a bá pò ó tán. Ẹyọ kan ló dín. Èyí tó burú jù ni pé aago kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpòpọ̀ náà, ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n gé sí ẹgbẹ̀rún, tí iye rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan kò ju 86,400,000 lọ. Iye ọ̀nà tí a lè gbà to káàdì 52 gba nọ́ńbà 68 ní kíkọ. Àwọn onímọ̀ náà fi hàn pé tí wọ́n bá ti rí káàdì márùn-ún, wọ́n lè mọ gbogbo káàdì tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Ṣé o mọ̀ pé array kan tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ló dá wàhálà ńlá àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ní 2 oṣù kọkànlá 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cornell, tú prógíráàmù kan tó ń bí ara rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbà wọlé ni pé prógíráàmù kan tó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà náà fi yàrá 512 sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó bá ń bọ̀ láti ìta, kò sì bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà gùn ju 512 lọ. Morris fi èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ṣàn wọ àwọn ojúlé tó tẹ̀ lé e, ó sì di àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́. Wọ́n fojú bu ohun tó kó àrùn náà sí nǹkan bí 6,000 kọ̀ǹpútà, lásìkò tí gbogbo èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bí 60,000 lọ. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT.

Ọdún 26 lẹ́yìn rẹ̀, ní 2014, wọ́n rí àìsàn yìí kan náà nínú OpenSSL, èyí tí ọ̀pọ̀ ojú òpó ayé fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn ènìyàn. Wọ́n pè é ní Heartbleed. Ẹ̀rọ kan lè sọ fún èkejì pé, gba lẹ́tà kan yìí, dá lẹ́tà 64,000 padà fún mi. Èkejì kò kà á. Ó dá lẹ́tà kan yẹn padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ohun tó wà nínú àwọn yàrá tó tẹ̀ lé e kún un, títí kan àṣírí àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́. Tony Hoare, tó gba ẹ̀bùn Turing ní 1980, sọ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà pé lọ́dún 1960 síwájú, ilé iṣẹ́ tí òun wà ní Ìlú Ọba ṣe ẹ̀rọ ìtumọ̀ èdè Algol tó máa ń yẹ nọ́ńbà array wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bi àwọn oníbàárà bóyá kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n lè pa àyẹ̀wò náà kí iṣẹ́ lè yá. Gbogbo wọn ní rárá. Wọ́n mọ bí àṣìṣe náà ṣe máa ń pọ̀ tó. C ní tirẹ̀ kì í yẹ ohunkóhun wò. O sọ pé yàrá 50 nínú ilé oníyàrá 40, ó ṣírò rẹ̀ fún ọ, ó sì mú ọ lọ síbẹ̀.

Àwòrán ńkọ́? Array ni. Ní 1957, Russell Kirsch fi ẹ̀rọ kan sọ fọ́tò ọmọ rẹ̀ jòjòló di nọ́ńbà, yàrá 176 ní ìbú, 176 ní òró, gbogbo rẹ̀ 30,976, dúdú tàbí funfun. Fíìmù tí wọ́n ń pè ní Full HD ní yàrá 2,073,600 nínú àwòrán kan ṣoṣo, nọ́ńbà mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún pupa, ewéko àti búlúù. Orin náà kò yàtọ̀. Sí-Dì ń gba nọ́ńbà 44,100 sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí kan. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, etí méjèèjì, array onílé 15,876,000 ni. Má gbà á láti ẹnu mi, sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé bí orúkọ mílíọ̀nù kan bá tò ní a-b-d nínú array, ìbéèrè 20 péré tó láti rí ẹni tí o ń wá? Ṣí àárín. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ṣáájú tìrẹ, ju ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀ nù. Ṣí àárín èyí tó kù. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó ti kù díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan; ẹ̀ẹ̀mẹwàá sí i, ó ku ẹnì kan. Bí ó bá jẹ́ bílíọ̀nù kan, 30 ni. Àmọ́ bí wọn kò bá tò, o máa kan gbogbo ilẹ̀kùn ni.

Gbogbo ìwé ló kọ́ni ní èyí, bẹ́ẹ̀ ní 2006, Joshua Bloch tó wà ní Google jáde, ó ní kóòdù tí òun fọwọ́ ara òun kọ fún un nínú Java ní àṣìṣe, ó sì ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Kí o tó mọ àárín, o máa ro nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin pọ̀, kí o tó pín in sí méjì. Nígbà tí array bá ti kọjá yàrá bílíọ̀nù kan, àròpọ̀ náà lè ju 2,147,483,647 lọ, èyí tó pọ̀ jù tí irú nọ́ńbà yẹn lè gbà, ó sì yí padà di òdì. Oògùn rẹ̀? Dúró níbi ìbẹ̀rẹ̀, wo bí òpin ṣe jìnnà sí ọ tó, rin ìdajì rẹ̀. Ìṣísẹ̀ náà ni.

Array ní àléébù tirẹ̀. Fojú inú wo bẹ́ńṣì ìjọ tó kún, tí ìyá àgbà kan dé tó ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lòun fẹ́ jókòó. Gbogbo ènìyàn ló máa sún. Bí array onílé mílíọ̀nù kan bá gba àlejò ní yàrá òdo, mílíọ̀nù kan ló máa kó ẹrù. Bí bẹ́ńṣì bá sì kún pátápátá, kò sí bó ṣe lè gùn sí i, torí ẹlòmíràn ti wà ní ojúlé tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ArrayList ti Java ń ṣe ni pé ó ń wá ilé tuntun tó fi ìdajì tóbi ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń kó gbogbo ẹrù lọ síbẹ̀: 10 di 15, 15 di 22, 22 di 33. Ìwọ kò ní mọ̀ pé wọ́n kó. Kóòdù rẹ kàn máa sinmi díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ń ka èyí lẹ́yìn àwọn ọmọ yín, ẹ dákun, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n ayò wá sí kíláàsì, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ 0 dé 11 sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé. Ẹ ní kí ọmọ kan kó ọmọ ayò márùn-ún nínú ilé 9. Ó máa fi wọ́n sílẹ̀ ní 10, 11, 0, 1, ìkẹyìn á bọ́ sí 2. Ẹ wá ní kó ṣírò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ọpọ́n: 9 àti 5 jẹ́ 14, pín in sí 12, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 2. Ó bára mu. Ẹ nu nọ́ńbà náà kúrò, kí ẹ kọ ọ́ láti 1 dé 12, kí ẹ ní kó gbé márùn-ún láti ilé 7. Ọwọ́ rẹ̀ máa parí sí ilé 12. Ìṣirò náà ńkọ́? 7 àti 5 jẹ́ 12, pín in sí 12, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ òdo, kò sì sí ilé kankan tó ń jẹ́ òdo lórí ọpọ́n yẹn. Ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí kíláàsì náà jà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ wá tan kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ náà fi Java ṣe array onílé 12, kó fi nǹkan sí ilé 0 dé ilé 11, kó wá bèèrè ilé 12. Ohun tí Java tòde òní máa kọ sójú ẹ̀rọ fún un ni pé: Index 12 out of bounds for length 12.